Sítóòfù onígi nínú ilé: dígí ń dúdú, èéfín ń yọ, yàrá ò gbóná. Ẹ gbà wá nímọ̀ràn

Àbẹ̀kẹ́ Yorkshire

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ilé tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ rà níbí ní sítóòfù onígi nínú pálọ̀. Àwọn tó tà á fún wa ò fi ìwé kankan sílẹ̀, wọn ò sì ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń lò ó. Owó gáàsì ìgbà òtútù tó kọjá ò ṣe é fẹnu sọ, ìyẹn la fi ní ká máa dáná igi. Ṣùgbọ́n wàhálà ibẹ̀ ti fẹ́ pọ̀ ju èrè lọ. Kí ilẹ̀ tó ṣú, dígí ẹnu rẹ̀ á ti dúdú kirikiri. Bí mo bá ṣílẹ̀kùn rẹ̀ láti fi igi kún un, èéfín á tú sí mi lójú. Yàrá ò sì gbóná tó bí mo ṣe rò.

Ọkọ mi ní bí a bá fẹ́ lọ sùn, ká máa ti gbogbo ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé pa, kí iná lè pẹ́ di àárọ̀. Igi tí à ń jó, ará àdúgbò kan ló gé igi ọgbà rẹ̀ lulẹ̀, ó ní ká wá kó o lọ́fẹ̀ẹ́. Ọmọ ọdún méjì wà nílé o. Ẹ jọ̀ọ́, ohun tí ẹ bá mọ̀, ẹ sọ ọ́, kí ẹ má fi èébú lọ̀ ọ́ pọ̀.

Bàbá Ṣẹ́gun, Kent

Àbẹ̀kẹ́, o kú oríire ilé tuntun. Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ gbé e pẹ́.

Ìgbà wo ni wọ́n gé igi yẹn lulẹ̀? Bí kò bá tíì pé ọdún kan, ibẹ̀ ni kí o ti bẹ̀rẹ̀. Igi tutù lẹ ń jó. Dígí tó ń dúdú, èéfín tó ń ta sójú, yàrá tí kò gbóná, ìyá kan náà ló bí wọn.

Igi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé, ìdajì ìwọ̀n rẹ̀ lè jẹ́ omi. Bí o bá gbé ìtì kan tó wọn kílò méjì sínú sítóòfù, bíi lítà omi kan lo gbé lé iná yẹn. Iná á kọ́kọ́ máa sè omi títí yóò fi gbẹ, ooru tó yẹ kó wá bá yín nínú pálọ̀ á bá oru omi gba ṣímínì lọ. Igi tó ṣe é jó ni èyí tí omi ara rẹ̀ kò ju ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Láti oṣù karùn-ún ọdún 2021 ni òfin ti dé ilẹ̀ England pé ẹni tó bá ń ta igi ìdáná ní àpò kéékèèké, tí kò tó kúbíkì mítà méjì, kò gbọ́dọ̀ ta èyí tó tutù ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wàá rí “Ready to Burn” (ó ti ṣe é jó) lára àpò náà. Ẹni tó ń kó ẹrù ọkọ̀ odidi wá fún ọ kò sí lábẹ́ ìyẹn, kó kàn fún ọ ní ìwé tó sọ bí wàá ṣe sá a ni.

Ra ẹ̀rọ ìwọn omi ara igi, eléyín méjì, kékeré báyìí, kò wọ́n rárá. Ṣùgbọ́n má fi gún ẹ̀gbẹ́ ìtì tàbí ibi tí ayùn ti gé e, ibẹ̀ ló kọ́kọ́ máa ń gbẹ, irọ́ ló máa pa fún ọ. La ìtì sí méjì, kí o wá fi eyín rẹ̀ gún àárín ojú tuntun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ là.

Àbẹ̀kẹ́ Yorkshire

Ẹ ṣeun, sà. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ibí tó kọjá yìí ni wọ́n gé e. Ojú mi ti là.

Kọ́lá Oníṣẹ́, Birmingham

Ẹ kú ìjókòó. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe nìyí, à ń gbé sítóòfù àti páìpù èéfín sílé oníbàárà. Òótọ́ ni gbogbo ohun tí ẹ̀gbọ́n sọ nípa igi. Kí n wá sọ ti afẹ́fẹ́, nítorí ohun tí ọkọ yín fẹ́ máa ṣe lálẹ́ yẹn léwu gan-an ni.

Igi fúnra rẹ̀ kọ́ ló ń jó tí ẹ rí ọwọ́ iná yẹn. Ooru ló ń lé gáàsì jáde lára igi, gáàsì yẹn ló ń gbiná. Bí afẹ́fẹ́ bá wà, tí ibẹ̀ sì gbóná, gáàsì á jó tán, ooru rẹ̀ á di tiyín. Bí ẹ bá ti afẹ́fẹ́ pa, gáàsì ò ní yéé jáde lára igi, ṣùgbọ́n kò ní rí ohun tó máa fi jó. Á di èéfín, á gòkè lọ, á pàdé òtútù inú ṣímínì, á sì lẹ̀ mọ́ ọn lára bí ọ̀dà dúdú. Alẹ́ dé, ẹ tún ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀dà yẹn á máa nípọn sí i. Lọ́jọ́ tí iná bá wá ràn dáadáa tí ẹ̀ta iná kan bá fò gòkè, ṣímínì fúnra rẹ̀ á gbiná.

Lára ọ̀pọ̀ sítóòfù, ibi tí a ti ń ṣí afẹ́fẹ́ máa ń jẹ́ méjì. Ti ìsàlẹ̀ ń fẹ́ sí abẹ́ iná, ìgbà tí ẹ bá ń dáná lẹ nílò rẹ̀. Ti òkè ń gba iwájú dígí sọ̀ kalẹ̀, òun ló ń lé èéfín kúrò lára dígí, òun náà ló ń jó gáàsì tó wà lókè igi. Bí iná bá ti ràn, ẹ rọra ti ti ìsàlẹ̀ pa. Ti òkè, ẹ dín in kù díẹ̀díẹ̀ títí iná á fi máa jó wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, kó má hó gee, kó má sì máa rú èéfín. Ẹ ò gbọ́dọ̀ tì í pa pátápátá nígbà tí igi ṣì ń jó. Bó bá ku díẹ̀ kí ẹ sùn, ẹ má fi igi kún un mọ́, ẹ jẹ́ kó jó tán fúnra rẹ̀.

Tọ́ba

Kọ́lá, èmi ò gbà. Tí mo bá ṣí afẹ́fẹ́ sílẹ̀, kíá ni igi máa ń tán. Owó ni igi o! Tí mo bá tì í, ìtì kan á bá mi dé ìdájí.

Kọ́lá Oníṣẹ́, Birmingham

Ó bá ẹ dé ìdájí lóòótọ́, ṣé ó mú ọ lóoru? Tọ́ba, ìṣirò rẹ̀ nìyí. Kílò kan igi gbígbẹ ní agbára tó tó kílówáàtì-wákàtí mẹ́rin. Sítóòfù 5 kW (kílówáàtì márùn-ún) tó dára, tó ń fi bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún ooru rẹ̀ ránṣẹ́ sínú yàrá, máa jẹ bíi kílò kan ààbọ̀ ní wákàtí kan. Ìtì kan tàbí méjì nìyẹn. Èyí tí o tì pa tó ń rú èéfín di ìdájí, apá kan ooru rẹ̀ wà nínú gáàsì tí kò jó, òkè òrùlé ló gbé e lọ. Owó igi náà lo ṣì san.

Ìyá Ìbejì

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ṣe ń dáná rẹ̀, torí bí gbogbo wa ṣe ń dáná nílé, igi wẹ́wẹ́ nísàlẹ̀, igi ńlá lókè, ni mo fi bẹ̀rẹ̀ síbí, kò sì bá sítóòfù yìí mu.

Òkè la ti ń ṣáná sí i. Èmi máa ń tẹ́ ìtì méjì tó tóbi díẹ̀ sísàlẹ̀, wọn ò ní fara kanra. Mo máa wá to igi wẹ́wẹ́ lé wọn lórí, méjì níbùú, méjì lóròó, níbùú, lóròó, títí á fi tó ìpele mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Lórí wọn pátápátá ni mo máa fi ohun ìdáná onída sí, èyí tí wọ́n fi igi bíbó wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ àti ìda ṣe. Ẹ má fi kẹrosín o, ẹ má sì sún mọ́ bẹntiróòlù rárá. Ẹ ṣí afẹ́fẹ́ méjèèjì gbayawu, ẹ ṣáná sí i, ẹ fi ilẹ̀kùn rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀ bí ìbú ìka kan kí dígí má bàa làágùn. Ẹ dúró tì í. Bí dígí bá ti gbóná, ẹ pa ilẹ̀kùn dé.

Iná á máa jó bọ̀ wálẹ̀. Èéfín tó bá ń jáde lára ìtì ìsàlẹ̀ á ní láti gba àárín iná tó wà lókè kọjá, iná á sì jó o mọ́ ọn. Lẹ́yìn bíi ogún ìṣẹ́jú, ẹ jáde sí gbàgede kí ẹ wo orí òrùlé. Bí iná bá dára, ẹ ò ní rí èéfín, kìkì ooru tó ń mì lójú ọ̀run lẹ máa rí. Bí ẹ bá rí èéfín tó dúdú tàbí tó funfun kíki, igi yín tutù, tàbí afẹ́fẹ́ ò tó.

Ti èéfín tó ń tú sí ẹ lójú, Àbẹ̀kẹ́, ìgbà tí ọwọ́ iná ṣì ń jó lò ń ṣílẹ̀kùn. Dúró títí ọwọ́ iná á fi lọ sílẹ̀, tí á ku ẹyinná tó pọ́n. Kọ́kọ́ ṣí afẹ́fẹ́, kí o ka ogún tàbí ọgbọ̀n, kí ṣímínì lè máa fà á. Wá rọra ṣílẹ̀kùn, má já a ṣí lójijì. Ìtì kan tàbí méjì ti tó, má dì í kún.

Dàpọ̀ Minnesota

Àǹtí Ìyá Ìbejì ti là á yé. Mo fẹ́ fi tẹmọ́mítà kún un. Wọ́n ń ta oní mágínẹ́ẹ̀tì tí a ń lẹ̀ mọ́ ara páìpù èéfín tó jáde lórí sítóòfù. Ibi tó dára, fún páìpù tí kò ní ìbora méjì, sábà máa ń wà láàárín nǹkan bí 115 sí 245 lórí ìwọ̀n Celsius. Bó bá rẹlẹ̀ ju ìyẹn lọ fún ìgbà pípẹ́, ọ̀dà ló ń lẹ̀ mọ́ ṣímínì. Bó bá ga jù ú lọ, ẹ ń sun irin àti bíríkì inú rẹ̀. Níbí yìí, òtútù lè já sísàlẹ̀ òdo gan-an, nítorí náà a kì í fi tẹmọ́mítà ṣeré.

Ohun kan tó dá mi lójú: àwọn kan máa ń sọ pé igi páínì kò dára torí oje rẹ̀. Níbí, páínì àti spruce, igi tó jọ ọ́, wà káàkiri, à ń jó o. Bó bá ti gbẹ, kò sí wàhálà. Ó kàn máa ń yára jó tán ju oak lọ ni, nítorí kò wúwo. Òun ló dára jù fún igi wẹ́wẹ́ tí a fi ń dáná.

Tọ́ba

Wíàháòsì tí mo ti ń ṣiṣẹ́ máa ń da pálẹ́ẹ̀tì nù rẹpẹtẹ. Igi gbígbẹ ni. Ṣé n kó o wálé? Ẹ má bínú, ẹni tó bá rí ọ̀fẹ́ ló ń bèèrè.

Kọ́lá Oníṣẹ́, Birmingham

Yẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wò. Wọ́n máa ń fi irin gbígbóná tẹ òǹtẹ̀ sí i lára. Bí o bá rí HT, ooru ni wọ́n fi pa kòkòrò inú rẹ̀, ìyẹn kò burú bí igi náà bá mọ́, tí kẹ́míkà tàbí epo kò sì dà sí i. Bí o bá rí MB, májèlé methyl bromide ni wọ́n fi fín in, má gbé e débi iná. Èyí tí kò ní òǹtẹ̀ kankan, fi sílẹ̀. Yọ ìṣó rẹ̀ kúrò, nítorí ìṣó máa ń kù sínú eérú.

Igi tí wọ́n kùn ní ọ̀dà, rárá. Ọ̀dà ara ilẹ̀kùn àti fèrèsé ilé àtijọ́ sábà máa ń ní òjé. Igi ọgbà tí wọ́n ti fi kẹ́míkà rẹ kó má bàa jẹrà, rárá. Pílíwúùdù, MDF (pákó tí wọ́n fi igi lílọ̀ àti gọ́ọ̀mù tẹ̀), páálí tó ń dán, ọ̀rá, gbogbo ìdọ̀tí ilé, rárá. Èyí kì í ṣe ààrò ìsun-pàǹtí.

Nọ́ọ̀sì Bọ́lá

Ẹ ti sọ̀rọ̀ títí, ẹnikẹ́ni ò tíì mẹ́nu ba aláàmù. Àbẹ̀kẹ́, ṣé aláàmù gáàsì CO wà nínú pálọ̀ yẹn? Bí kò bá sí, má tún dáná níbẹ̀ títí tí wàá fi rà á.

Gáàsì carbon monoxide kò ní àwọ̀, kò ní òórùn. Òun náà ló ń bẹ nínú èéfín jẹnẹrétọ̀ tó ń pa odidi ìdílé mọ́jú nílé, gbogbo wa ló ti gbọ́ irú rẹ̀ rí. Ibi tí iná kò bá ti rí afẹ́fẹ́ tó, tàbí tí ṣímínì ti dí, ló ti ń jáde. Orí á máa fọ́ ọ, òòyì á máa kọ́ ọ, èébì á máa gbé ọ, ó máa ń rẹni. Ó jọ fúlù, àmọ́ ara kì í gbóná. Bó bá jẹ́ pé gbogbo ilé ló ń ṣe lẹ́ẹ̀kan náà, tí ara sì ń yá bí ẹ bá jáde síta, ẹ má ronú ibà mọ́. Ẹ ṣí fèrèsé àti ilẹ̀kùn, ẹ jáde pẹ̀lú ọmọ, ẹ pe 999. Ẹni tó bá ń sùn kì í mọ̀ ọ́n, nítorí bẹ́ẹ̀ ni ti afẹ́fẹ́ tí ẹ fẹ́ tì pa lálẹ́ yẹn ṣe já mi láyà nígbà tí mo kà á.

Aláàmù náà, ẹ ra èyí tí a kọ EN 50291 sí lára. Ẹ má gbé e lé orí sítóòfù. Kó jìnnà sí i ní mítà kan sí mẹ́ta. Bí ẹ bá fi sí àjà, kó fi sẹ̀ǹtímítà 30 jìnnà sí ògiri. Ẹ máa tẹ bọ́tìnnì rẹ̀ wò déédéé. Bí lánlọ́ọ̀dù bá ni ilé tí ẹ ń gbé, lábẹ́ òfin England, òun ló gbọ́dọ̀ fi í sínú yàrá tí sítóòfù bá wà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó lè má dùn mọ́ àwọn kan nínú. Bí ẹni tó ní àsímà tàbí àrùn ẹ̀dọ̀fóró bá wà nílé, tí ẹ sì ní ohun mìíràn tó ń mú ilé gbóná, ẹ fi sítóòfù yìí sílẹ̀. Kò sí bí igi ṣe lè gbẹ tó tí kò ní mú eruku èéfín tó kéré ju ojú lọ wá, ó ń wọ inú ẹ̀dọ̀fóró. Ìgbà tí ẹ bá ṣílẹ̀kùn rẹ̀ ló pọ̀ jù nínú yàrá.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́

Mò ń ka ọ̀rọ̀ yín láti ilé níbí, mo ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin ń wá bí èéfín ṣe máa gba páìpù lọ, ìyá mi ń fi ojú jẹ ẹ́ lẹ́bàá ààrò láti kékeré mi. Àmọ́ lórí ti igi, ìyá mi ò ní yà yín lẹ́sẹ̀. Igi ayín ló fẹ́ràn jù, ó le, ó wúwo, ẹyinná rẹ̀ kì í tètè kú, òun náà ni wọ́n fẹ́ràn láti fi sun èédú ní apá ọ̀dọ̀ wa. Bó bá rà á tutù, á là á, á tò ó sóòrùn, kò ní fọwọ́ kàn án títí á fi gbẹ. Bó bá fẹ́ mọ̀ bó ti gbẹ, á mú méjì, á fi lu ara wọn. Gbígbẹ á dún kọ́kọ́kọ́, tutù á dún bí ẹni fọwọ́ lu iṣu. Ẹ fi ẹ̀rọ eléyín yín dá wọn lẹ́jọ́.

Bàbá Ṣẹ́gun, Kent

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, kí o bá wa kí màmá. Òótọ́ pọ́ńbélé ni. Ìgbà tí mo fi ẹ̀rọ ṣèdánwò lẹ́yìn gbígbọ́ ohùn igi, bákan náà ni wọ́n ń sọ.

Àbẹ̀kẹ́, má da igi ọ̀fẹ́ yẹn nù. La gbogbo rẹ̀ sísinsìnyí, nítorí igi tí kò là kì í gbẹ nínú. Tò ó sórí ohun tó máa gbé e kúrò nílẹ̀, bo orí rẹ̀ kí òjò má pa á, kí o sì fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ kí atẹ́gùn máa gba àárín rẹ̀. Má fi tàpólì dì í yíká bí òkú, á bu ni. Birch tàbí igi ash lè gbẹ nínú ọdún kan. Oak fẹ́ tó ọdún méjì, nígbà mìíràn ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Tún bi káńsù yín, ìjọba ìbílẹ̀, bóyá àdúgbò yín wà lábẹ́ òfin ìdènà èéfín. Òfin yìí ti pẹ́. Oṣù Kejìlá ọdún 1952 ni kùrukùru èéfín bo London fún ọjọ́ márùn-ún, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ló kú nídìí rẹ̀, ìyẹn ló bí òfin Clean Air Act ti ọdún 1956. Níbi tí òfin yìí bá wà, sítóòfù tí ìjọba fọwọ́ sí nìkan lo lè fi jó igi. Bí èéfín bá sì ń rú ní ṣímínì rẹ ní England, káńsù lè bu owó ìtanràn lé ọ, láti 175 pọ́n-ùn sí 300.

Kọ́lá Oníṣẹ́, Birmingham

Kí n fi ti ìwé kún un, nítorí àǹtí sọ pé wọn ò fi ìwé sílẹ̀. Bó bá jẹ́ oníṣẹ́ tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ HETAS, àjọ tó ń forúkọ àwọn oníṣẹ́ sítóòfù sílẹ̀, ló gbé sítóòfù yẹn síbẹ̀, ẹ̀dà ìwé rẹ̀ ṣe é gbà lọ́dọ̀ wọn. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ bi àwọn tó ń bójú tó ilé kíkọ́ ní káńsù. Bí ẹnikẹ́ni ò bá mọ̀ nípa rẹ̀, ẹ jẹ́ kí oníṣẹ́ wá yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó máa lò ó lọ. Wọ́n sábà máa ń tẹ agbára rẹ̀ sí irin pẹlẹbẹ kan lẹ́yìn tàbí lábẹ́ rẹ̀. Bó bá ju 5 kW lọ, ihò tó ń gba afẹ́fẹ́ ìta wọlé gbọ́dọ̀ wà nínú yàrá, èyí tí kò ṣe é tì. Mo ti dé ilé tí wọ́n fi aṣọ dí i nítorí òtútù! Bí ilé ìdáná yín bá ṣí sí pálọ̀ náà, ẹ ṣọ́ra fún fáànù tó ń fa òórùn ọbẹ̀ síta. Ó lè fa èéfín sítóòfù padà wọlé.

Ẹ dán okùn ẹnu ilẹ̀kùn rẹ̀ wò. Ẹ fi bébà kan há ilẹ̀kùn, ẹ tì í, ẹ fà á. Bó bá já wá wẹ́rẹ́, okùn ti gbó, afẹ́fẹ́ ń gba ibẹ̀ wọlé, ẹ ò sì ní lè darí iná. Okùn yẹn ò wọ́n, ẹ lè pààrọ̀ rẹ̀ fúnra yín.

Èyí tó kù ni agbáṣímínì, ẹni tó ń wá gbá inú ṣímínì. Ó kéré tán, lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Bó bá jẹ́ igi lẹ ń jó lójoojúmọ́ nígbà òtútù, ẹ̀ẹ̀mejì dára jù. Ẹyin àti ìtẹ́ ẹyẹ máa ń wà nínú ṣímínì tí wọn ò lò nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀, ilé iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì lè bèèrè rẹ̀.

Ìyá Ìbejì

Bí ṣímínì bá wá gbiná ńkọ́? Ẹ sọ fún wọn.

Kọ́lá Oníṣẹ́, Birmingham

Ẹ máa gbọ́ ọ. Á máa hó gùùù bí ọkọ̀ òfuurufú, páìpù lè máa mì, ẹ̀ta iná á máa jáde lórí òrùlé. Ìgbà yìí nìkan ni mo máa sọ pé ẹ ti gbogbo afẹ́fẹ́ pa, ẹ pa ilẹ̀kùn sítóòfù dé, ẹ kó gbogbo ènìyàn jáde, ẹ pe panápaná sí 999. Ẹ má da omi sí i. Irin gbígbóná á fọ́, oru rẹ̀ á sì bó yín. Bó tilẹ̀ kú fúnra rẹ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ wá yẹ ṣímínì wò kí ẹ tó tún dáná.

Àbẹ̀kẹ́ Yorkshire

Ẹ ṣé o, Ọlọ́run á bù kún ìmọ̀ yín. Mo ti ka gbogbo rẹ̀ sí ọkọ mi létí. Ó ní kí n má fi tòun ṣe àpẹẹrẹ lórí ayélujára mọ́. Mo ra ẹ̀rọ eléyín, omi ara igi ọ̀fẹ́ yẹn já sí ìdá 34 nínú ọgọ́rùn-ún. A ti là á, a ti tò ó sẹ́yìn ṣẹ́ẹ̀dì. Aláàmù ti wà. Mo sì ti ra ohun tí wọ́n fi ń dáàbò bo ọmọ níwájú iná.

Ìbéèrè mẹ́ta ló kù. Eérú, ibo ni kí n dà á sí? Báwo ni mo ṣe lè nu dígí tó ti dúdú? Ṣé mo sì lè gbé ìkòkò lé orí sítóòfù yìí?

Ìyá Ìbejì

Dígí kọ́kọ́. Jẹ́ kó tutù. Fi omi rẹ ìwé ìròyìn díẹ̀, tọ́ ọ bọ eérú funfun tó kúnná, fi nù ún. Á mọ́ lójú ẹsẹ̀. Má fi ohun tó ń ha nǹkan ha á.

Ohun tí wọ́n fi ń dáàbò bo ọmọ, rí i pé ó há mọ́ ògiri, kó má jẹ́ èyí tí ọmọ lè fà lulẹ̀. Aṣọ tí ẹ ń sá, má sá a lé e lórí.

Ìkòkò: wo ìwé tí wọ́n fi ń lo irú sítóòfù yẹn lórí ayélujára, àwọn kan ò gbà á láyè, torí páìpù tàbí ìbora rẹ̀. Tèmi gbà á. Ẹ̀wà olóyin ni mo máa ń gbé lé e lọ́sàn-án Sátidé. N ò gbọdọ̀ kánjú. Á máa hó rọra, rọra, kò ní jó, nígbà tó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́, á ti rọ̀ mọ́ ara rẹ̀ bí ẹni gbé e sórí ààrò nílé. Owó gáàsì rẹ̀ kò sí.

Bàbá Ṣẹ́gun, Kent

Eérú ńkọ́! Ìyá Ìbejì ti fi ẹ̀wà gbàgbé rẹ̀.

Ẹyinná lè wà láàyè nínú eérú fún ọjọ́ mélòó kan, bí o tilẹ̀ fọwọ́ kan òkè rẹ̀ tó tutù. Má dà á sínú àpótí ìdọ̀tí onírọ́bà, má dà á sínú páálí, má fi ẹ̀rọ tó ń fa eruku fà á. Korobá irin onídèérí ni kí o kó o sí, kí o gbé e síta sórí kọnkéré, kó má sí lórí pákó tàbí lábẹ́ fèrèsé. Fi sílẹ̀ níbẹ̀ dáadáa kó tó lọ sínú ọgbà. Eérú igi tí kò ní ọ̀dà wúlò fún ọgbà, àmọ́ díẹ̀ ni, kì í bá gbogbo ewébẹ̀ mu. Má kó gbogbo rẹ̀ kúrò nínú sítóòfù, igi máa ń jó dáadáa lórí eérú bíi sẹ̀ǹtímítà méjì.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ kó o wá fún wa, a óò fi ṣe ọṣẹ dúdú. Ṣùgbọ́n eérú èèpo kòkó làwọn ìyá wa ń wá, kì í ṣe ti oak.

Àbẹ̀kẹ́ Yorkshire

Ẹ̀rín pa mí. Ohun kan ló kù, mo ṣèlérí. Ẹni kan fẹ́ ta “ọkọ̀ kan” igi gbígbẹ fún mi. Ọkọ̀ wo? Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé kò rẹ́ mi jẹ?

Dàpọ̀ Minnesota

Níbí, cord ni à ń fi rà á, ẹsẹ̀ mẹ́rin níbùú, mẹ́rin lókè, mẹ́jọ lóròó, nígbà tí wọ́n bá tò ó dáadáa. Ẹni tó bá sọ pé “ọkọ̀ kan”, kó wọn ọkọ̀ náà fún ọ.

Kọ́lá Oníṣẹ́, Birmingham

Níbí, bèèrè iye kúbíkì mítà, kí o sì bèèrè bóyá wọ́n tò ó ni tàbí wọ́n dà á sínú àpò, torí èyí tí wọ́n dà máa ń ní àlàfo púpọ̀ láàárín. Rà á nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, owó rẹ̀ máa ń rọjú ju oṣù Kọkànlá lọ. Bó bá gbé e dé, má jẹ́ kó já a sílẹ̀ kí o tó là ìtì mẹ́ta níwájú rẹ̀ kí o fi ẹ̀rọ rẹ gún wọn. Bó bá ju 20 lọ, tó sì jẹ́ owó igi gbígbẹ ló ń gbà, kó gbé igi rẹ̀ máa lọ.